Kámẹ́rà wo ni kí àdúgbò rà? Ìfiwéra fún ará Kàbà àti àwọn ìlú Okun tó kù

Láti oṣù September 2021 tí àwọn agbébọn ti fi ohun abúgbàù ya ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà, tí ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 200 sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ṣèpàdé ní ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí kí ọ̀rọ̀ ààbò má gba ìdajì àkókò. Ẹ fi ti àwọn ajínigbé ojú ọ̀nà Kàbà sí Ọbájánà kún un. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná, ọmọ ìlú kan tó ń gbé Àbújá tàbí òkè òkun á dìde, á ní òun fẹ́ fi kámẹ́rà ta ìlú lọ́rẹ, gbogbo ilé á sì pàtẹ́wọ́. A kì í sábà rí ẹni tó máa bèèrè pé irú kámẹ́rà wo, ta ni yóò máa wò ó, yàrá ta sì ni ohun tó bá ká sílẹ̀ yóò máa sùn.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà nílẹ̀ fún àwa tí a wà láti Kàbà dé Ìyàrà, Mọ́pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Èkíní ni kámẹ́rà oníwáyà tó ń ká àwòrán sínú àpótí DVR. Èkejì ni kámẹ́rà sólà tó ń lo síìmù. Ẹ̀kẹta ni kámẹ́rà ìjọba, tí àwòrán gbogbo ìkóríta ń wọ yàrá kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹrin kò ní kámẹ́rà rárá: iná òpópónà, pẹ̀lú ọdẹ tàbí fijilanté tó ń gba owó oṣù rẹ̀ déédéé.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Mo kọ́kọ́ wo ojú tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Ní 2019, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn kó ìwádìí 40 ọdún lórí kámẹ́rà ìta gbangba jọ. Wọ́n rí i pé níbi tí kámẹ́rà wà, ìwà ọ̀daràn fi nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 dín sí ti ibi tí kò sí. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ló ti ṣiṣẹ́ jù. Níbi tí ènìyàn ti jókòó tì í tó ń wò ó, ó ran ìlú lọ́wọ́. Níbi tó jẹ́ pé ó kàn ń ká sílẹ̀, wọn kò rí ìyàtọ̀ gidi kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú kámẹ́rà tí a ń rà níbí, kíká sílẹ̀ lásán ló ń ṣe. Ẹ̀rí ló ń kó jọ fún ọjọ́ iwájú, kò dá olè dúró lóru òní.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èyí tí n kò ní fi gbà yín lákòókò, nítorí gbogbo wa la jọ ń retí AEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni owó tó ń tẹ̀lé owó: dátà, bátìrì, háàdì dísìkì, ẹni tó máa gun àkàbà lọ nu eruku. N kò ní kọ iye ọjà síbí, torí iye tí wọ́n pè fún yín ní Lọ́kọ́ja lánàá lè ti yí padà kí ẹ tó kówó dé ibẹ̀.

Àṣírí ló kù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀.

Àwọn tó ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí máa ń sọ ọ́ bíi pé ìlú ńlá nìkan ni kámẹ́rà ti ń tú àṣírí ẹni. Èrò tèmi yàtọ̀. Ní London, ẹni tó jókòó sídìí kámẹ́rà kò mọ̀ yín rí, ó sì ṣeé ṣe kó má mọ̀ yín láéláé. Ní Kàbà, àbúrò ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ló máa jókòó síbẹ̀. Ó mọ mọ́tò yín. Ó mọ ìrìn yín láti ẹ̀yìn. Ó mọ ẹnu ọ̀nà tí kò yẹ kí mọ́tò yín wà ní aago mẹ́wàá alẹ́. Àwòrán tí kò ní orúkọ lára ní Èkó, ní Ìyàrà ó ti ní orúkọ, oríkì àti agboolé kó tó dé orí WhatsApp. Ohun tó sì wà nínú rẹ̀ lè má jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kankan: ẹni tó ń lọ gba oògùn ní kílíníìkì tí kò fẹ́ kí ará ilé mọ̀, ẹni tó lọ yáwó lọ́wọ́ àjèjì, ìyàwó tó ń gbé ẹrù rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ nílé ọkọ tó ń lù ú. Ẹ má gbàgbé eégún òru náà. Kámẹ́rà tó ń ríran lókùnkùn kò mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ wò, fóònù tí àwòrán ọ̀hún sì ń wọ̀ lè wà lọ́wọ́ obìnrin tàbí ọmọdé. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò ní lè pani: ọwọ́ ẹni tó mú páásíwọ́ọ̀dù ló ń bà mí lẹ́rù ju olè lọ.

Òfin náà wà. Abala 37 nínú ìwé òfin 1999 dáàbò bo àṣírí ènìyàn àti ilé rẹ̀. Ní oṣù June 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò dátà. Òfin yìí yọ ohun tí ènìyàn ń ṣe nínú ilé ara rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ ọ́ bí ohun náà bá ń tú àṣírí ẹlòmíràn. Ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìtajà, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kì í ṣe ilé ẹnìkan. Wọ́n ní láti jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé kámẹ́rà wà níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń lò ó fún, wọn kò gbọdọ̀ tọ́jú àwòrán kọjá ìgbà tó wúlò, ẹni tí wọ́n ká sílẹ̀ sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ní nípa òun. Ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí yín bóyá ẹ ó rí pátákó kékeré kan tó sọ bẹ́ẹ̀.

Kámẹ́rà oníwáyà àti àpótí DVR

Nínú gbogbo kámẹ́rà, èyí ni mo fẹ́ràn jù, ìdí rẹ̀ sì rọrùn: àwòrán kò kúrò nílé. Kò sí dátà oṣooṣù. Bí ẹ kò bá so àpótí náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá fẹ́ wò ó gbọ́dọ̀ wọ yàrá yín kọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí kámẹ́rà mẹ́rin bá ń ká tọ̀sán tòru, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo megabit 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọn yóò jẹ nǹkan bí 86 GB lójúmọ́. Dísìkì 1 TB yóò kún ní bí ọjọ́ 11, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ká tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Àwọn kan á ní kí ẹ ra dísìkì tó tóbi sí i kó lè pé oṣù mẹ́ta. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni tí wọ́n jà lólè á mọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó nílò àwòrán oṣù mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló ń wá. Ní ti iná, àpótí àti kámẹ́rà mẹ́rin yóò jẹ nǹkan bí wáàtì 40. Bátìrì 12V 100Ah tí ẹ kò fẹ́ lò kọjá ìdajì yóò gbé e fún bíi wákàtí 12 sí 15. Bí AEDC bá gbàgbé yín fún ọjọ́ méjì, ẹ nílò páànẹ́lì sólà pẹ̀lú.

Àléébù rẹ̀ ni pé olè tó gbọ́n á gbé àpótí lọ. Nítorí náà, ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Èkejì ni aago inú rẹ̀. Bátìrì kékeré tó dà bí owó wẹ́wẹ́ ló ń gbé aago náà dúró nígbà tí iná bá lọ. Bí ó bá kú, déètì á ṣubú padà sí ọdún àtijọ́, àwòrán olè tó wọlé lánàá á sì máa jẹ́rìí pé ogún ọdún sẹ́yìn ló wá. Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011 gba ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde wọlé ní kóòtù, bí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà bá fọwọ́ sí ìwé pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ni onítọ̀hún fẹ́ fọwọ́ sí nígbà tí aago kò bá péye?

Ẹ wá wo bí ilé wa ṣe rí. Nínú ọ̀pọ̀ agboolé, balùwẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, páànù ni wọ́n fi yí i ká, kò ní òrùlé. Ẹni tó dúró nílẹ̀ kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ gbé kámẹ́rà sí abẹ́ òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ ọgbà ara yín, igun òkè lápá òsì yóò bá a wọ inú páànù yẹn. Onílé lè má mọ̀ ọ́n mọ̀, àmọ́ ìyẹn kò ní kí obìnrin tó ń wẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ má wà nínú dísìkì rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Nínú mẹ́nù DVR púpọ̀, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ Privacy Mask sí. Ẹ fi máọ̀sì fa àpótí dúdú bo igun náà. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ̀rọ kò ní ká ibẹ̀ sílẹ̀ mọ́, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣí i wò lẹ́yìn náà. Kí ẹ tó pa ojú rẹ̀, ẹ pe aládùúgbò yín wọlé kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ìjà ọdún márùn-ún lè parí síbẹ̀.

Bí kámẹ́rà bá ní máìkì, ẹ pa á. Ní 2021, ilé-ẹjọ́ kan ní Oxford dá aládùúgbò kan lẹ́bi lórí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ohùn tí àwọn ẹ̀rọ yẹn ń gbà láti ọ̀nà jíjìn sì ló ba adájọ́ nínú jẹ́ ju àwòrán lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù padà níṣojú oníṣẹ́ tó so ó. Àwọn kan máa ń fi áàpù rẹ̀ sórí fóònù tiwọn láti fi dán an wò, wọn kì í sì rántí yọ ọ́. Ní 2016, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì fi àìmọye kámẹ́rà tí olówó wọn kò yí páásíwọ́ọ̀dù ilé-iṣẹ́ padà kọlu àwọn wẹ́bùsáìtì ńlá, àwọn olówó kámẹ́rà kò tilẹ̀ fura.

(Kámẹ́rà Wi-Fi kékeré onígílóòbù, tí wọ́n ń tà bí ẹ̀pà? Ohun ìṣeré ni fún ibi tí Wi-Fi kò ti dúró. Mo fò ó.)

Kámẹ́rà sólà onísíìmù

Ẹwà rẹ̀ ni pé kò béèrè wáyà, kò sì béèrè NEPA. Òpó kan, páànẹ́lì kan, síìmù kan, ó parí. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé òun ni àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi máa ń fẹ́ rà: wọ́n lè wo ìkóríta ilé wọn látorí fóònù ní Jámánì.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ dátà. Bí ó bá ń rán àwòrán jáde láìdánudúró, àní ní megabit 1 péré, yóò jẹ nǹkan bí 10.8 GB lójúmọ́, ìyẹn 324 GB lóṣù. Kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó máa san ìyẹn kọjá oṣù kejì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń jẹ́ kó ká ìgbà tí nǹkan bá mira nìkan. Ní ìgboro Àbújá ó lè dáa. Níbí, ewúrẹ́ ni olè àkọ́kọ́ tí yóò mú. Lẹ́yìn ewúrẹ́ ni ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lóru, kòkòrò á máa fò kọjá níwájú kámẹ́rà, alántakùn á tẹ̀lé kòkòrò, á ta ìtàkùn sí ojú rẹ̀ gan-an, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti fẹ́, fóònù á máa dún tí-tí-tí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò ní pẹ́ tí ẹni tó ń gba ìkìlọ̀ náà á fi pa á. Lọ́jọ́ tí olè gidi bá dé, kò sí ẹni tó máa gbọ́.

Nígbà ọyẹ́, láti December dé February, eruku á bo páànẹ́lì, bátìrì kò ní gba iná tó. Ẹ ní láti yan ẹni tó ń nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fún un ní nǹkan. Láwọn abúlé Bùnú kan tí ènìyàn ń gun òkè kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kámẹ́rà yìí di mẹ́mọ́rì kádì lórí òpó. Ẹni tó bá gbé òpó lọ ti gbé ẹ̀rí lọ.

Ní ti àṣírí, àwòrán ń jáde kúrò nílùú, ó ń lọ sínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan tí ó lè wà ní orílẹ̀-èdè tí òfin wa kò dé. Ẹni tó ní àkáǹtì ló ni ojú náà. Bí ọ̀gbẹ́ni tó fi í ta ìlú lọ́rẹ bá ní in lórí fóònù rẹ̀, tí òun àti ìjòyè kan ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀, ẹ rò ó wò.

Síbẹ̀, ibi tó yẹ ẹ́ wà. Tiransifọ́mà tí wọ́n ń gé wáyà rẹ̀, bọ́ọ̀hò ìlú, oko káṣú tàbí oko ẹja tó jìnnà sílé: níbi tí ènìyàn kò ti ní iṣẹ́ kankan láti ṣe lóru, ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ní ìtumọ̀, kò sì sí àṣírí ẹni tó ń kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ níbẹ̀.

Kámẹ́rà ìjọba

Èyí kò sí lọ́wọ́ yín láti rà, àmọ́ àwọn olóṣèlú máa ń ṣèlérí rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ó bi wọ́n. Ní 2010, ìjọba àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ ZTE ti Ṣáínà ṣàdéhùn $470 mílíọ̀nù, $399.5 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ jẹ́ owó tí a yá ní báńkì Exim ti Ṣáínà, pé kí kámẹ́rà 1,000 wà ní Àbújá, 1,000 ní Èkó. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ṣiṣẹ́, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ṣèwádìí lórí rẹ̀, gbèsè sì wà lọ́rùn wa. Òpó wọn kan ṣì wà lójú títì Àbújá bí igi gbígbẹ.

Tí wọ́n bá wá ní èyí tí àwọn fẹ́ gbé wá máa ń dá ojú mọ̀, ẹ ní sùúrù. Ní December 2019, àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò; nínú ọ̀pọ̀ wọn, ojú àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn tí ẹ̀rọ ń ṣì mú jù, tó ń pe ẹnìkan ní ẹlòmíràn. Ní oṣù kìíní 2020, ọlọ́pàá Detroit mú ọkùnrin aláwọ̀dúdú kan níṣojú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí ẹ̀rọ ní òun ló jí aago. Kì í ṣe òun. San Francisco ti fòfin de irú rẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ ìlú náà láti 2019. Títí tí ìjọba á fi sọ ẹni tó ń wò ó, iye ọjọ́ tí wọ́n ń tọ́jú àwòrán, àti ibi tí ẹni tí wọ́n ṣì mú ti lè fẹjọ́ sùn, èmi kò ní fọwọ́ sí i.

Iná àti ọdẹ

Ẹ má fojú àná wo èyí. Ní 2016, ìlú New York gbé iná ńlá sí àwọn ilé ìjọba kan, wọn kò gbé e sí àwọn mìíràn, kí wọ́n lè fi wéra. Ìwà ọ̀daràn ńláńlá tó ń ṣẹlẹ̀ níta lóru fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín níbi tí iná wà. Iná kò ká ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọdẹ wà níbẹ̀ nígbà tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀, ó ní fèrè, ó mọ ọmọ ìlú yàtọ̀ sí àlejò. Ohun tó bá rí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. A lè bi í léèrè, òun náà sì lè gbàgbé.

Àléébù rẹ̀ kò fara sin. Ọdẹ tí ẹ kò san owó rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta á sùn, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Àwọn kan ń lu ènìyàn kí wọ́n tó bi í ní orúkọ. Owó rẹ̀ kì í tán bí owó kámẹ́rà. Lọ́dọọdún ni, títí ayé. Ìdí gan-an nìyí tí àwọn olùdáwó kì í fi í fẹ́ ẹ: kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ya fọ́tò owó oṣù ọdẹ.

Ta ni kó mú èwo

Onílé nínú ìgboro Kàbà: kámẹ́rà oníwáyà méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n kọjú sí géètì àti ẹ̀yìn ilé tirẹ̀, máìkì pípa, igun aládùúgbò bíbò.

Ọlọ́jà tó ní ṣọ́ọ̀bù: ẹyọ kan tó ń wo ibi tí owó wà, pẹ̀lú pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Tí ẹ bá jẹ́ télọ̀, kó má ṣe rí igun tí àwọn oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò.

Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí: ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan. Yàrá tí pásítọ̀ ti ń gba àwọn tí wàhálà bá nímọ̀ràn kò gbọdọ̀ ní i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tó lọ síbẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti gáréèjì mọ́tò: iná àti ọdẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ san owó rẹ̀, kí ẹ san án fún ọdún kan gbáko. Bí owó bá ṣẹ́kù, kámẹ́rà oníwáyà kan sí ẹnu géètì, kí àpótí rẹ̀ wà nínú yàrá tó ní àgádágodo méjì, kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ ìyálọ́jà, èkejì lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ìwé kékeré sì wà níbẹ̀ tí ẹni tó bá wo àwòrán á kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti ìdí sí.

Oko, bọ́ọ̀hò, tiransifọ́mà: sólà, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà. Abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí: ọdẹ, kò tún sí ohun mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, tí ìyá yín dá nìkan gbé nílé: kámẹ́rà géètì tó fún un. Mo mọ̀ pé ọkàn yín kò balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sí pálọ̀ tàbí kíṣìnì ìyá láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́. Ẹ bi í léèrè kí oníṣẹ́ tó fa wáyà, ẹ fi àwòrán tí ẹ ó máa rí hàn án lórí fóònù. Bí ó bá ní òun kò fẹ́, ẹ fi owó náà san owó ọmọ tí yóò máa bá a gbélé.